Erékùṣù Gidi, Erékùṣù Páálí: Fíìmù Àtijọ́ Mẹ́fà, Èwo Ni Kí Ẹ Wò?

Iná lọ nílé wa lálẹ́ Sátidé kan, bátìrì fóònù mi sì ti wálẹ̀ dé ìdajì. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà lọ́dọ̀ mi, ọmọ ọdún 11. Ó ní, "Ańkù, ẹ jẹ́ ká wo fíìmù, àmọ́ èyí tí ò ní gùn o, kí fóònù má lọ kú mọ́ wa lójú." Fíìmù tó máa tán kí bátìrì tó tán! Ẹni tó bá ń wá irú rẹ̀, àfi kó padà lọ bá àwọn fíìmù erékùṣù tí wọ́n fi owó táṣẹ́rẹ́ ṣe ní Amẹ́ríkà láàárín 1930 sí 1961. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò ju wákàtí kan àti ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ọkọ̀ ojú omi á rì tàbí kí bàálù já, èrò á gúnlẹ̀ sí erékùṣù tí wọn ò mọ̀ rí, ọ̀pẹ á máa mì létí òkun, ìlù á máa dún lókèèrè, nǹkan kan á sì wà nínú igbó ibẹ̀ tí ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni padà sílé.

Mẹ́fà ni mo kó wá síbí, mo sì fi wọ́n wéra ní méjì-méjì, torí téèyàn bá kó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà síwájú pọ̀, ojú á kàn dàrú ni. Kò sí èyí tí àwọn tó ṣe é ò ṣọ́ owó ná nínú wọn. Ohun tí mo fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀ ni erékùṣù fúnra rẹ̀: ṣé wọ́n gbé kámẹ́rà dé erékùṣù gidi ni, àbí inú ọgbà ilé-iṣẹ́ fíìmù ní Hollywood ni wọ́n ti fi pákó àti páálí kọ́ ọ? Kí n sọ òótọ́, nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, mo rò pé èyí tí wọ́n lọ yà ní erékùṣù gidi ló máa borí. Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀.

Ọdẹ tó ń dọdẹ èèyàn, tàbí akàn tó ń pe ni lóru

Tó bá jẹ́ ẹ̀rù lẹ fẹ́ kó bà yín, The Most Dangerous Game (1932, ìṣẹ́jú 63) àti Attack of the Crab Monsters (1957, ìṣẹ́jú 62) ni kí ẹ fi síwájú ara wọn.

Nínú ti àkọ́kọ́, ọdẹ olókìkí kan tó ń jẹ́ Rainsford wà nínú ọkọ̀ ojú omi olówó ńlá. Iná tó ń júwe ọ̀nà fún ọkọ̀ ti ṣípò, ọkọ̀ forí sọ àpáta abẹ́ omi, ẹja ṣáàkì gbé àwọn tí omi ò gbé, Rainsford nìkan ló wẹ̀ dé etí òkun. Ilé ńlá kan wà nínú igbó, Zaroff tó jẹ́ ìjòyè ilẹ̀ Rọ́ṣíà ló ń gbé ibẹ̀. Ọkùnrin yìí ti pa ẹran títí ẹran pípa fi sú u. Èèyàn ló wá ń dọdẹ báyìí. Òun náà ló ṣí iná ojú omi nípò, kí ẹran lè máa fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá bá a nílé. Ẹni tó bá mú, á fún un ní ọ̀bẹ, á ní kó máa sá lọ. Tí ilẹ̀ bá fi mọ́ tí òun ò tíì rí i pa, onítọ̀hún ti bọ́ nìyẹn. Leslie Banks ló ṣe Zaroff. Ogun Àgbáyé Kìíní ti pa apá kan ojú rẹ̀ lára, òun náà sì mọ ìgbà tó yẹ kó kọ apá ibẹ̀ sí kámẹ́rà. Tó bá ń rẹ́rìn-ín, apá kan ojú ò ní bá èkejì rẹ́rìn-ín.

Igbó inú fíìmù yìí ló dùn mọ́ mi jù. Igbó àyálò ni. RKO, ilé-iṣẹ́ fíìmù tó ṣe é, ń ṣe King Kong, fíìmù ìnàkí òmìrán, lọ́wọ́ lásìkò kan náà, wọ́n sì ti náwó sórí igbó àtọwọ́dá fún un. Ernest Schoedsack tó wà nídìí fíìmù méjèèjì bá kó àwọn òṣèré wọ igbó kan náà, ó lo Fay Wray àti Robert Armstrong níbí, ó tún lò wọ́n lọ́hùn-ún. Igi gbọọrọ kan wà tí wọ́n fi ṣe afárá lórí ọ̀gbun. Ẹ wò ó dáadáa, ẹ máa tún pàdé rẹ̀ nínú King Kong ní 1933. Àwa tí a dàgbà sídìí fíìmù àgbéléwò mọ irú ọgbọ́n yìí: pálọ̀ kan náà, àga kan náà, ilé olówó nínú fíìmù tòní, ilé pásítọ̀ nínú ti ọ̀la.

Ẹ tún wo Ivan, ìránṣẹ́ Zaroff, òmìrán onírùngbọ̀n tí ò lè sọ̀rọ̀. Ará Rọ́ṣíà ni wọ́n pè é nínú ìtàn, àmọ́ aláwọ̀ dúdú ni Noble Johnson tó ṣe é, àtíkè ni wọ́n fi sọ ọ́ di òyìnbó. Ọkùnrin yìí kan náà wà lára àwọn tó dá Lincoln Motion Picture Company sílẹ̀ ní 1916, ilé-iṣẹ́ tí àwọn aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà fi ń ṣe fíìmù tiwọn. Nínú King Kong, òun ló tún ṣe olórí àwọn ará erékùṣù. Lọ́dún kan òyìnbó Rọ́ṣíà, lọ́dún kejì baálẹ̀ tó ń jó yí iná ká. Ó wà níbẹ̀, ó ń gbowó iṣẹ́ rẹ̀, kò sì sí ibi tí wọ́n ti jẹ́ kó ṣe ara rẹ̀.

Attack of the Crab Monsters kò ní irú iyì yẹn. Roger Corman ló darí rẹ̀, nǹkan bí 70,000 dọ́là ni wọ́n fi ṣe é, etí òkun California ni wọ́n sì ti yà á. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì gúnlẹ̀ sí erékùṣù kan ní òkun Pàsífíìkì láti wá àwọn tó ṣáájú wọn débẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò gbúròó wọn mọ́, kí wọ́n sì wo ohun tí bọ́ǹbù átọ́ọ̀mù ti fi sílẹ̀ níbẹ̀. Ohun tó fi sílẹ̀ ni akàn tó tóbi bíi mọ́tò. Akàn yìí á jẹ orí èèyàn, ọpọlọ ẹni tó jẹ á di tirẹ̀, ó sì máa ń fi ohùn òkú pe àwọn ọ̀rẹ́ òkú lóru. Wọ́n á gbọ́ ohùn ẹni tí wọ́n mọ̀, wọ́n á gbé tọ́ọ̀ṣì, wọ́n á jáde lọ. Gbogbo ẹni tó bá gbé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà rí ló máa pariwo mọ́ wọn níbí yìí. Ta ló ń dáhùn ìpè òru láìrí ẹni tó ń pe òun?

Akàn fúnra rẹ̀, ká má purọ́, ẹ̀rín ló ń pani. Òṣèré kan tó ń jẹ́ Ed Nelson ló wà lábẹ́ rẹ̀ tó ń gbé e rìn, ojú tí wọ́n sì ṣe fún un rí bí ojú ẹni tí oorun ń kùn nínú ìpàdé. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí lóòótọ́, àmọ́ ojú tibí yìí, orí ẹlòmíì ló ń ṣọ́.

Ohun tó wà lẹ́yìn ìtàn náà ni ò pa mí lẹ́rìn-ín. Ní 1946, ìjọba Amẹ́ríkà kó èèyàn 167 kúrò ní Bikini, ní àwọn erékùṣù Marshall, kí wọ́n lè ráyè dán bọ́ǹbù wò lórí ilẹ̀ bàbá wọn. Ní March 1, 1954, ọ̀kan tí wọ́n sọ ní Bravo bú ju bí wọ́n ṣe ṣírò rẹ̀ lọ, eérú rẹ̀ bà lé àwọn ará Rongelap lórí, ó bà lé àwọn apẹja 23 láti Japan tó wà nínú ọkọ̀ Lucky Dragon. Kò tíì pé ọdún mẹ́ta tí fíìmù akàn fi jáde. Ẹ ò ní rí ọmọ onílẹ̀ kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Erékùṣù ṣófo, ó sì ń ya lulẹ̀ sínú òkun díẹ̀díẹ̀, títí ilẹ̀ tí àwọn tó kù máa fẹsẹ̀ tẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Ká fi iṣẹ́ ọwọ́ sọ ọ́, Zaroff ló borí, kò sí àríyànjiyàn. Ká fi ọmọdé àti ariwo inú ilé sọ ọ́, akàn ni.

Sọ́ńbì méjì, ìran méjì

Ibí ni mo fẹ́ pẹ́ sí. King of the Zombies (1941, ìṣẹ́jú 67) àti I Walked with a Zombie (1943, ìṣẹ́jú 69): ẹni tó bá ka àkọlé wọn á rò pé ọmọ ìyá ni wọ́n. Erékùṣù Caribbean ni méjèèjì sọ, inú ilé-iṣẹ́ fíìmù ní California ni wọ́n sì ti ya méjèèjì.

Kí a tó wọlé, ẹ má fi sọ́ńbì wé àkúdàáyà. Àkúdàáyà tiwa, ó kú ní ìlú kan, ó lọ ń gbé ìlú míì, ó ń tajà, ó ń fẹ́yàwó, ó ń bímọ, ọjọ́ tí ará ilé bá fojú kàn án lọ́jà ló máa pòórá. Òun ló ni ara rẹ̀. Sọ́ńbì tí àwọn ará Haiti ń sọ, òkú tí wọ́n jí dìde kó lè máa ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíì ni. Kò lẹ́nu, kò ní ìpinnu. Níbi tí wọ́n ti kó èèyàn láti ìlú wọn wá fi roko ìrèké títí wọ́n á fi kú, ẹ̀rù tó kù láti bà wọ́n ni pé ikú pàápàá lè má gbà wọ́n lọ́wọ́ ọ̀gá. Ẹ fi èyí sọ́kàn, ẹ máa rí i pé ọ̀kan nínú fíìmù méjèèjì mọ̀ ọ́n, èkejì ò mọ̀ ọ́n.

King of the Zombies ni ò mọ̀ ọ́n. Monogram ló ṣe é, ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ kékeré tí wọ́n ń ṣe fíìmù bí ẹni ń ṣe búrẹ́dì. Bàálù kan já sí erékùṣù, ọkùnrin mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀: awakọ̀, ọ̀gá kan, àti ìránṣẹ́ rẹ̀ aláwọ̀ dúdú tó ń jẹ́ Jeff. Dókítà Sangre gbà wọ́n sílé. Amí ni dókítà yìí, ó ti jí ọ̀gá àgbà ológun ojú omi gbé, ó sì fẹ́ fi oògùn fa àṣírí jáde lẹ́nu rẹ̀. Sọ́ńbì wà ní kíṣìnì.

Mantan Moreland tó ṣe Jeff ló gbé gbogbo fíìmù náà sórí. Ohun tí wọ́n kọ fún un ò dáa: kó máa gbọ̀n, kó máa la ojú, kó máa sá, kí àwọn òyìnbó inú sinimá lè rí ẹni fi rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ò bá lè fara da ìyẹn, kó fò ó, mi ò ní bá a jà. Àmọ́ ẹ ṣọ́ bó ṣe ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu já ara rẹ̀ gbà. Òun ló kọ́kọ́ rí sọ́ńbì, ó sáré lọ sọ fún àwọn ọ̀gá, wọ́n ní ó ń lálàá. Nínú gbogbo ilé yẹn, òun nìkan ló ń sọ òótọ́, òun nìkan ni wọn ò gbà gbọ́. Nígbà tí dókítà wá fi ojú mú un, tó ní òun náà ti di sọ́ńbì, Jeff kàn lọ bá àwọn òkú tò lórí ìlà ni, bí ẹni tó ti wọ ẹgbẹ́. Ohun ìyanu kan tún nìyí: orin inú fíìmù náà, tí Edward Kay kọ, wà lára àwọn tí wọ́n yàn fún àmì-ẹ̀yẹ Oscar ọdún yẹn, fíìmù olókìkí Citizen Kane náà sì wà lórí àkọsílẹ̀ kan náà.

Ẹ wá jẹ́ ká lọ sí èkejì.

Ní 1942, RKO gba ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Val Lewton síṣẹ́, wọ́n ní kó máa ṣe fíìmù ẹ̀rù. Òfin mẹ́ta ni wọ́n fún un: owó fíìmù kan ò gbọ́dọ̀ ju 150,000 dọ́là lọ, kò gbọ́dọ̀ ju ìṣẹ́jú 75 lọ, àwọn ọ̀gá ló sì máa fún un ní àkọlé. Àkọlé tí wọ́n gbé fún un lọ́tẹ̀ yìí ni I Walked with a Zombie. Ẹni tí wọ́n bá gbé irú orúkọ yẹn lé lọ́wọ́, ṣe ni ì bá ṣe yẹ̀yẹ́ lọ. Lewton àti Jacques Tourneur tó darí rẹ̀ gbé orúkọ ọjà náà kọ́ sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n wọlé, wọ́n ṣe nǹkan míì.

Nọ́ọ̀sì kan láti Kánádà, Betsy, gba iṣẹ́ lọ sí erékùṣù tí wọ́n ń pè ní Saint Sebastian, láti tọ́jú ìyàwó olóko ìrèké kan. Obìnrin náà ń rìn, kò sọ̀rọ̀, kò mọ èèyàn. Nínú ọkọ̀ ojú omi lóru, Betsy ń wo òkun, ó ń gbádùn rẹ̀ nínú ara rẹ̀, ẹja ń fò lókè omi, omi ń tàn. Olóko náà dúró nítòsí, ó já ọ̀rọ̀ náà gbà lọ́kàn rẹ̀. Ó ní kì í ṣe ayọ̀ ni àwọn ẹja yẹn fi ń fò, ẹ̀rù ni, ẹja tó tóbi jù wọ́n lọ ló ń lé wọn bọ̀. Ó ní ohun tó ti kú, tó ń jẹrà, ló ń mú omi tàn. Kò tíì gúnlẹ̀ o, fíìmù ò tíì pé ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ó gúnlẹ̀ tán, bàbá aláwọ̀ dúdú kan ń fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin gbé e lọ sílé olóko. Bàbá náà ń sọ bí ọkọ̀ ṣe kó àwọn bàbá ńlá àwọn wá, pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lẹ́sẹ̀ wọn, nísàlẹ̀ ọkọ̀. Betsy fèsì pé ó kéré tán, ibi tó rẹwà ni wọ́n kó wọn wá. Bàbá ò bá a jiyàn. Ó kàn dáhùn pẹ̀lẹ́ pé tí ẹ bá ti sọ bẹ́ẹ̀, Mísì, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ẹ wo ojú rẹ̀ níbẹ̀. Mo ti gbọ́ irú ìdáhùn yẹn lẹ́nu àwọn àgbà wa, nígbà tí ọmọ ọlọ́mọ bá sọ ọ̀rọ̀ tí ò yẹ kó sọ tí wọn ò sì ráyè bá a wí.

Olóko náà tún sọ fún Betsy pé ní erékùṣù yìí wọ́n máa ń sunkún tí wọ́n bá bímọ, wọ́n sì máa ń yọ̀ tí èèyàn bá kú, torí bó ṣe rí lára wọn nígbà ẹrú nìyẹn. Òkú àgbà la máa ń ṣe àríyá fún nílé wa. Ti Saint Sebastian yàtọ̀: ọmọ tí wọ́n bí sóko ẹrú, kí la fẹ́ kí i kú fún?

Ibi tó mú mi jù lọ ni ti olórin. Sir Lancelot, ọmọ Trinidad tó ń kọ kalípísò lóòótọ́, jókòó níta ilé ọtí, ó ń ta gìtá, ó ń kọ orin nípa ilé olóko: ìyàwó, ọkọ, àbúrò ọkọ, ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín wọn. Kò mọ̀ pé àbúrò ọkọ náà ló jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú nọ́ọ̀sì. Nígbà tí wọ́n ta á lólobó, ó wá tọrọ àforíjì, ó ń tẹrí ba. Ó pẹ́ díẹ̀, ilẹ̀ ṣú, ọtí ti pa ọ̀gbẹ́ni náà sùn. Olórin padà dé. Ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀ látinú òkùnkùn, ó ń ta gìtá, ó ń wo nọ́ọ̀sì lójú, ó ń kọ ìyókù orin. Kò tọrọ àforíjì mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti dúró rí níbi Ẹ̀fẹ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ lóru, ní Kétu tàbí ní ilẹ̀ Ẹ̀gbádò, ẹ mọ ohun tí mò ń wí. Ẹni tí ò tó bẹ́ẹ̀ lọ́sàn-án, tí ò lè là á mọ́ olówó lójú, orin á là á fún un lóru, gbogbo ìlú á sì gbè é.

Ìrìn inú oko ìrèké ló wá tẹ̀lé e. Nọ́ọ̀sì mú aláìsàn lọ́wọ́, wọ́n ń lọ síbi tí ìlù ti ń dún. Kò sí orin abẹ́lẹ̀, ewé ìrèké tó ń ṣe ṣàà nìkan. Wọ́n kọjá ẹran tí wọ́n so rọ̀ lórí igi. Wọ́n kọjá agbárí. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sínú akèrègbè tí wọ́n lu ihò sí, ó ń ké. Lẹ́yìn náà, iná tọ́ọ̀ṣì bọ́ sórí ẹsẹ̀ èèyàn, ó gòkè lọ sójú: ọkùnrin gíga kan, aláwọ̀ dúdú, ojú rẹ̀ là sílẹ̀ rangandan, kò ṣẹ́jú, kò sọ̀rọ̀. Darby Jones ló ṣe é. Carrefour ni orúkọ rẹ̀, oríta nìyẹn lédè Faransé.

Èmi ò lè rí ọkùnrin tó ń jẹ́ Oríta, tó dúró sí oríta, kí n má ronú kan ilé. Ní Haiti, Legba ni wọ́n ń kí kó tó di pé ọ̀nà ṣí. Ọ̀dọ̀ àwọn Fọn ní Benin ni orúkọ yẹn ti kúrò. Ní Cuba, Eleguá ni, Ẹlẹ́gbára wa gan-an. Ìsọ̀rí òrìṣà kan tún wà ní Haiti tí wọ́n ń pè ní Nago, orúkọ tí àwọn Fọn ń pe Yorùbá, Ògún ló sì ṣáájú níbẹ̀, wọ́n ń pè é ní Ogou. Fíìmù náà ò sọ gbogbo èyí, Hollywood ni Hollywood ń jẹ́, Carrefour inú rẹ̀ sì jẹ́ òkú tó ń rìn, kì í ṣe òrìṣà. Àmọ́ ẹni tó kọ orúkọ yẹn sílẹ̀ ti ka nǹkan kan kó tó kọ ọ́.

Nítorí náà, èyí tí wọ́n fi páálí kọ́ látòkèdélẹ̀ ni àwọn ará erékùṣù ti lẹ́nu. Wọ́n ń sọ ìtàn wọn, wọ́n ń kọrin bú ọ̀gá, wọ́n ń fọgbọ́n dáhùn. Tó bá jẹ́ ọ̀kan péré lẹ máa wò nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, òun ni. Kí ẹ wò ó lóru, kí ilé dákẹ́, kí ẹ má fi ọmọ kékeré sí i. Kì í ṣe pé nǹkan burúkú wà níbẹ̀, á kàn sú wọn ni.

Hawaii tàbí Puerto Rico

Ẹ tún rí Corman lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọ̀nà tó ń gbà dín owó kù ni pé tó bá ti kó òṣèré àti kámẹ́rà dé ibì kan, kò ní ṣe fíìmù kan péré níbẹ̀. Ó lọ sí Kauai ní Hawaii, méjì ló ṣe bọ̀. Ó lọ sí Puerto Rico, mẹ́ta ló gbé bọ̀, ó darí méjì nínú wọn fúnra rẹ̀. Bí àwọn ìyá wa ṣe máa ń lọ ra aṣọ ní Cotonou ni: ta ló máa san owó mọ́tò torí ìró kan?

She Gods of Shark Reef (1958, ìṣẹ́jú 63) wá láti Hawaii. Ọmọ ìyá méjì, ọ̀kan ti pa èèyàn, ọkọ̀ wọn fọ́ sí erékùṣù tó jẹ́ obìnrin nìkan ló ń gbé ibẹ̀, tí wọ́n ń wẹ̀ wá péálì nísàlẹ̀ òkun fún ilé-iṣẹ́ kan. Àwọ̀ ló fi jáde, òun nìkan nínú mẹ́fà tí kì í ṣe dúdú àti funfun. Òkun ibẹ̀ dùn-ún wò. Ìtàn ò lọ síbì kan. Àwọn obìnrin náà, òdòdó ni wọ́n fi etí wọn ṣe, mi ò sì rántí ohun tí ẹnì kan nínú wọn sọ.

Ohun tó mú mi wò ó tán ni ẹni tó ya àwòrán rẹ̀. Floyd Crosby lórúkọ rẹ̀. Òun ló ya Tabu, tí F. W. Murnau darí ní Bora Bora, tó jáde ní 1931. Oscar ni wọ́n fún un lórí iṣẹ́ yẹn. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ó lé, òun náà ló ń bá Corman ya erékùṣù olówó pọ́ọ́kú. Òun ló ya akàn ẹ̀ẹ̀kan yẹn pàápàá. Tí ẹ bá rí i pé òkun inú She Gods dáa ju ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn tó wà létí rẹ̀ lọ, ìdí rẹ̀ nìyẹn.

Creature from the Haunted Sea (1961) lọ́rọ̀ jù ú lọ dáadáa, ẹ̀fẹ̀ sì ni látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Batista, olórí ìjọba Cuba, ti sá kúrò níbẹ̀ ní January 1, 1959. Nínú fíìmù, àwọn ológun rẹ̀ kan fẹ́ kó wúrà ìjọba sá, wọ́n sì gba ọkọ̀ ojú omi ọ̀daràn ará Amẹ́ríkà kan. Ọ̀daràn náà gbèrò: òun á máa pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, òun á ní ẹbọra òkun ló ń pa wọ́n. Kò mọ̀ pé ẹbọra wà nísàlẹ̀ ọkọ̀ lóòótọ́. Oṣù méjì péré lẹ́yìn tí àwọn tí Amẹ́ríkà rán lọ gba Cuba ti fìdí rẹmi ní Bay of Pigs, ní April 1961, ni fíìmù náà bọ́ síta.

Ẹbọra yẹn! Ọ̀kan nínú àwọn òṣèré, Beach Dickerson, ni wọ́n ní kó ṣe é. Ó mú aṣọ rọ́bà tí àwọn òmùwẹ̀ ń wọ̀, ó lẹ èèhọ̀n mọ́ ọn, ó fi bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì ṣe ojú, ó fi bọ́ọ̀lù píńpọ́ọ̀ǹgì ṣe ẹyinjú sí i. Ẹ máa rí gbogbo rẹ̀ kedere. Kò sí ẹni tó gbìyànjú láti fi pa mọ́. Amí ìjọba Amẹ́ríkà inú rẹ̀, tí ò rí nǹkan kan ṣe yọrí, Robert Towne ló ṣe é, ó fi orúkọ Edward Wain bo ara rẹ̀. Ọkùnrin yẹn ló padà gba Oscar lórí ìtàn fíìmù Chinatown tó kọ. Ibi tí wúrà já sí ní ìparí, mi ò ní sọ, ẹ̀rín rẹ̀ tó owó dátà yín.

Èyí tí ẹ máa gbà sórí fóònù

Ẹ̀tọ́ àdàkọ The Most Dangerous Game, King of the Zombies àti Creature ti bọ́ ní Amẹ́ríkà, wọ́n wà lórí Internet Archive lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀fẹ́ yẹn ló fa wàhálà wọn. Gbogbo ẹni tó ní ẹ̀rọ ló ti dà wọ́n kọ, ẹ̀dà míì ṣókùnkùn débi pé ẹ ò ní mọ Zaroff yàtọ̀ sí ajá rẹ̀. Lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń ta fíìmù sínú fláàṣì ni mo ti kọ́kọ́ ra tèmi, ohùn ń ṣáájú ẹnu. Ẹ ṣí ẹ̀dà mẹ́ta wò ná, kí ẹ lọ síbi tó bá wà lóru, kí ẹ wo èyí tí ojú èèyàn ti hàn. Ti Creature, ẹ̀dà méjì ló wà: èyí tó lé díẹ̀ ní wákàtí kan, àti èyí tí wọ́n fi ìran kún fún tẹlifíṣọ̀n tó tó ìṣẹ́jú 74. Kúkúrú ni kí ẹ mú. Gígùn yẹn dà bí ọbẹ̀ tí wọ́n bu omi là torí àlejò dé.

I Walked with a Zombie kò sí lára àwọn ọ̀fẹ́, ẹ máa sanwó díẹ̀. Ẹ san án.

Ní alẹ́ Sátidé yẹn, mo ka gbogbo rẹ̀ fún ọmọ yìí bí mo ṣe kà á fún yín. Kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán tó ti mú akàn. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní kí n dá a padà síbi tí ẹsẹ̀ èèyàn ti yọ lábẹ́ rẹ̀. Bátìrì ku 9 nígbà tó parí. Ìyá rẹ̀ dé láti wá mú un nígbà tí agogo mẹ́wàá ń lọ lù, kò síná lójú títì, ó sì dúró síta géètì, ó ń pe orúkọ rẹ̀. Ọmọ wò mí. Ẹ̀gbọ́n mi tún pè é lẹ́ẹ̀kejì, ó tún pè é lẹ́ẹ̀kẹta, ohùn ti ń le bọ̀. Ọmọ gbá apá mi mú, ó fi ìka sẹ́nu, ó ní kí n má dáhùn.